Epo bẹntiróòlù ti wọ inú ilẹ̀ ní ilé epo: bẹ́ ẹ ṣe máa tọpa ẹ̀ àti bẹ́ ẹ ṣe máa kó o kúrò

Ìyá kan tó ń yan gààrí lẹ́yìn ilé epo kan ní apá Rẹ́mọ ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè mí sí irú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ẹni tó nilé epo o. Ìyá ní "ọmọ mi, wá bá mi gbóòórùn omi yìí, àwọn oníbàárà ti ń dá gààrí mi padà, wọ́n ní ó ń rùn bí ọwọ́ mẹkáníìkì." Mo fa korobá kan jáde nínú kànga, mo gbé e sí oòrùn, ojú omi ń dán yinrin bí òṣùmàrè. Mánéjà ilé epo ní irọ́ ni, ó ní àwọn tó gbẹ́ kànga ló da epo ẹ̀rọ wọn síbẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló gbà ká tó fi hàn pé páìpù tó ti táǹkì lọ sí pọ́ọ̀m̀pù kejì ló ń jò, oṣù mẹ́jọ gbáko tí ìyá fi ń ra omi tí yóò fi fọ ẹ̀gẹ́, tí yóò fi sebẹ̀, tí yóò fún àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ mu. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní, torí tá a bá ti mọ ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò ní pé ká tó rídìí ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo máa kọ síbí ni pé epo ò sí níbi tẹ́ ẹ ti ń rí i mọ́, ó ti rìn. Ẹni tó bá gbé ṣọ́bìrì ó ń gbẹ́lẹ̀ kó tó mọ apá ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń ṣàn sí, owó ẹ̀ ló ń gbẹ́ sọnù. Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí epo gbà, kẹ́ ẹ wá ẹni tí omi ẹ̀ wà lójú ọ̀nà yẹn, lẹ́yìn náà lẹ tó lè sọ̀rọ̀ àtikó epo.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀

Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, tí omi bá wọn kílò kan, ìwọ̀n epo tó ṣe déédéé ẹ̀ máa wọn nǹkan bíi kílò mẹ́ta nínú mẹ́rin. Nítorí náà tó bá jò, á máa sọ̀kalẹ̀ nínú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀, díẹ̀ á di ooru (ìyẹn epo tó ti di afẹ́fẹ́), èyí tó kù á dé orí omi abẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ lá máa léfòó sí. Ká ní léfòó nìkan ló ń ṣe ni, ìbá tiẹ̀ sàn. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó ń yọ́ wọ inú omi, benzene, toluene, ethylbenzene àti xylene, àwọn mẹ́rin yìí la máa ń pè ní BTEX níbi iṣẹ́, àwọn wọ̀nyí á sì bá omi rìn kúrò ní ọgbà ilé epo, wọn ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Benzene ló burú jù, ó ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, àjọ ìlera àgbáyé WHO sì sọ pé kò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi mímu kan.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ wò. Ká sọ pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún bẹntiróòlù kan jẹ́ benzene, lítà epo kan á ní bíi gíráàmù 8.8 nínú. Tẹ́ ẹ bá pín in sí máíkírógíráàmù 10 fún lítà omi kọ̀ọ̀kan, ó tó láti ba omi lítà 880,000 jẹ́, ìyẹn ju tánkà onílítà 33,000 mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Lítà epo kan péré ni mò ń sọ o! Ẹni tó ní "ó kàn ń kán tó tó ni" kò tíì ṣe ìṣirò yìí rí.

Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú le, pé ilẹ̀ pupa ò ní jẹ́ kí epo kọjá. Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un, tẹ́ ẹ bá dúró nínú yàrà Ẹ̀rẹ̀dò Súngbọ́ tẹ́ ẹ gbójú sókè wo ògiri ẹ̀, ilẹ̀ pupa yẹn ti dá dúró gbọnin láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò wó. Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ wò ó dáadáa, ihò gbòǹgbò, ihò ikán, sísán lóríṣiríṣi, gbogbo ìyẹn ọ̀nà epo ni. Lábẹ́ ilẹ̀ pupa yẹn ní apá Ìjẹ̀bú-Òde, iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀, iyanrìn sì máa ń jẹ́ kí omi rìn dáadáa. Ní Ṣágámù, òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì wà lábẹ́, inú sísán òkúta lomi ń gbà, epo lè fo ilé méjì kó wá yọ ní ìkẹta. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ ti ń sún mọ́ àpáta líle nìyẹn, ibẹ̀ náà sísán ni omi ń tẹ̀ lé. Torí náà ẹ má gbé ìrírí ìlú kan lọ lò ní ìlú kejì láìwo ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ dá jíjò dúró, ẹ dá iná dúró

Tí epo bá ń jò lọ́wọ́, ẹ má tíì sọ̀rọ̀ ìwádìí. Ẹ pa pọ́ọ̀m̀pù tẹ́ ẹ fura sí, ẹ ti fáàfù ẹ̀, tó bá jẹ́ táǹkì ni, ẹ fa epo inú ẹ̀ jáde sínú tánkà tàbí táǹkì míì tó dáa. Ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń fà tẹ̀ lé, ó máa ń wọ inú gọ́tà, inú sokaaweè, inú kànga, inú ihò tẹ́ ẹ bá gbẹ́. Tó bá ti tó bíi 1.4 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, iná kékeré ti tó o. Torí ẹ̀, kò sí sìgá, kò sí jẹnẹrétọ̀ nítòsí, kò sí ẹni tí yóò máa gba ìpè lẹ́nu ihò, kò sí wẹ́dà.

Mo tún fẹ́ bẹ ẹ̀yin agbẹ́kànga, ẹ jọ̀ọ́, kànga tó bá ń rùn epo, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀ láti "lọ kó ẹrẹ̀ ibẹ̀". Ooru yẹn á gbé èèyàn ṣubú kó tó pariwo, ẹni tó bá sì sáré wọlé láti gbà á, òun náà á ṣubú tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà ẹ kọ̀wé. Òfin tó dá NOSDRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ epo tó bá dànù, sílẹ̀ ní 2006 sọ pé ẹni tí epo bá dànù lọ́wọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí ní kíkọ sílẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé. NMDPRA, tí òfin epo rọ̀bì 2021 gbé dìde, ló ń fún ilé epo ní láísẹ́ńsì, àwọn náà gbọ́dọ̀ gbọ́. Àjọ tó ń rí sí àyíká ní ìpínlẹ̀ Ògùn, OGEPA, ẹ má fò wọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba onílé epo, ó rò pé wọ́n á ti ilé epo òun pa. Èyí tí mo fojú mi rí ni pé ẹni tó bá tètè sọ, páìpù ló máa tún ṣe, ẹni tó bá fi pamọ́, omi gbogbo àdúgbò ni yóò tún ṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ́kọ́ bi kànga aládùúgbò

Kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ kankan dé, ẹ rìn yí ká. Mo máa ń mú ìwé kan àti pẹ́ńsù, mo máa ń kí ilé kọ̀ọ̀kan dáadáa, mo máa ń jókòó bí wọ́n bá ní kí n jókòó, torí ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dúró sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wá gbogbo kànga àti bóhòòlù tó wà láàárín bíi mítà 300 sí ilé epo yẹn, ẹ kọ ibi tó wà sílẹ̀, bó ṣe jìn tó, ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, ohun tí wọ́n ń fi omi ẹ̀ ṣe, ìgbà tí òórùn bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà ju àwọn láńlọ́ọ̀dù lọ, ìyá tó ń pọnmi lójoojúmọ́ mọ ọjọ́ tí omi yí padà. Ẹ wò ó bóyá ilé iṣẹ́ pure water kan wà nítòsí, torí bóhòòlù tó ń fa omi látàárọ̀ ṣúlẹ̀ lè fa epo wá sọ́dọ̀ ara ẹ̀, kódà kó fà á gun òkè.

Ẹ tún wo ohun míì tó lè fa epo sílẹ̀ yàtọ̀ sí ilé epo. Ibùdó mẹkáníìkì wà, ibi tí wọ́n ti ń ta dísù (epo dísẹ́ẹ̀lì) ní dúrọ́ọ̀mù wà. Ní Rẹ́mọ pàápàá, páìpù epo tó ń bọ̀ láti Atlas Cove ní Èkó ń wọ ibùdó ìkó-epo-pamọ́ tó wà ní Mosimi lẹ́bàá Ṣágámù kó tó máa lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin, torí náà ẹni tó bá wà nítòsí ọ̀nà páìpù yẹn gbọ́dọ̀ fi ìyẹn sọ́kàn kó tó ka ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Nǹkan kan wà tó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Nínú ilẹ̀ pupa wa, pàápàá níbi àbàtà, ẹ máa rí nǹkan tó ń dán lójú omi bí epo, kì í sì í ṣe epo, irin inú ilẹ̀ àtàwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á. Ẹ fi igi kan tọ́ ọ. Tó bá fọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí dígí tí kò sì padà so pọ̀, irin ni. Tó bá ń yí lọ yí bọ̀ tó sì tún lẹ̀ pọ̀, epo ni, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ilé tí kànga ẹ̀ bá ti ń rùn, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ti wá omi míì fún wọn. Álọ́ọ̀mù ò lè yọ benzene, kílórínì ò lè yọ ọ́, asẹ́ aláṣọ ò lè yọ ọ́. Ẹni tó ń sè é nínú ilé ń lé e sínú afẹ́fẹ́ tó ń mí ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìdáná. Kí wọ́n má fi wẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ooru ẹ̀ nínú balùwẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé ilé epo máa ń sọ̀rọ̀

Ẹ ní kí mánéjà kó ìwé díìpù wá, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n epo tí wọ́n fi ọ̀pá wọ̀n nínú táǹkì sí. Epo tó wà ní táǹkì láàárọ̀, ẹ ro èyí tí tánkà já kún un, ẹ yọ èyí tí mítà pọ́ọ̀m̀pù sọ pé wọ́n tà, èyí tó kù ló yẹ kí ọ̀pá fi hàn lálẹ́. Kó má bára mu lọ́jọ́ kan kò túmọ̀ sí nǹkan, ooru ọjọ́ máa ń fẹ epo, ọwọ́ ẹni tó ń ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ lè gbọ̀n. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni bó ṣe ń lọ lóṣù. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà wọn ni pé tí ìyàtọ̀ bá ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún epo tó gba inú táǹkì kọjá lóṣù náà lọ, pẹ̀lú gálọ̀nù 130 lórí ẹ̀, ìyẹn bíi lítà 490, ẹ fura. Ilé epo tó ta lítà 100,000, ẹ̀rù gbọ́dọ̀ máa bà á tó bá ti fẹ́ tó lítà 1,500. Èmi ò fẹ́ràn kí wọ́n dúró dé ibẹ̀ o, mo máa ń wò ó bóyá ó ń dín lójoojúmọ́ ní apá kan náà, torí àṣìṣe máa ń lọ síwá sẹ́yìn, jíjò kì í padà.

Ẹ ṣọ́ra fún oṣù Iléyá. Tí Ojúde Ọba bá ku ọ̀la, ọkọ̀ tó ń wọ Ìjẹ̀bú-Òde pọ̀ débi pé títà á ga, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún á di nǹkan ńlá, jíjò kékeré á sì fara pa mọ́ sínú ẹ̀. Ẹ wo oṣù tó ṣáájú ẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Tí ìwé bá tọ́ka sí i, ẹ pe àwọn tó ń fi ìtẹ̀ yẹ páìpù wò. Táǹkì tí epo tàbí ooru epo ṣì wà nínú ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti fi wò ó bóyá ó ń jò, bọ́ǹbù lẹ ń ṣe yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ lu ilẹ̀ wò

Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán ọgbà yẹn, ibi tí táǹkì wà, ibi tí páìpù gbà, ibi tí iná mànàmáná gbà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ má lu ilẹ̀ láìmọ ibi tí páìpù gbà, mo ti rí ibi tí ẹni tó wá wá jíjò ti dá jíjò tuntun sílẹ̀.

Ọ̀pá ìlulẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ yí, hand auger, tó fún ilẹ̀ òkè, tó bá jìn kẹ́ ẹ pe ẹ̀rọ. Ẹ máa mú iyẹ̀pẹ̀ jáde ní ìdajì mítà ìdajì mítà, ẹ kọ àwọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, bóyá amọ̀ ni àbí iyanrìn. Ẹ bu díẹ̀ sínú nylon tó mọ́, kó má ju ìdajì lọ, ẹ so ẹnu ẹ̀, ẹ gbé e síbòji fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá fi ẹnu PID, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru epo nínú afẹ́fẹ́, gún un, nọ́ńbà tó bá mú wá á sọ bí ooru epo ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò fi dandan sọ pé benzene ni, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tó le jù. Ẹni tí kò ní PID lè bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò funfun, kó da omi mímọ́ sí i, kó mì ín, kó wò ó bóyá nǹkan á dán lójú omi. Ẹ má fimú gbóòórùn ẹ̀ ní tààràtà, mo mọ̀ pé gbogbo wa la ti ṣe é rí, ẹ jáwọ́.

Ẹ lu sí ìdí táǹkì, sí ìdí pọ́ọ̀m̀pù, sí ibi tí páìpù ti so pọ̀, àti síbi tí tánkà ti ń já epo, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da díẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún tẹ́nìkan ò sì kà á sí. Lẹ́yìn náà ẹ máa sún jáde títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ tó mọ́ ní gbogbo apá. Tẹ́ ẹ ò bá tíì kan ilẹ̀ tó mọ́, iṣẹ́ ò tíì parí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kànga ìṣọ́, ẹ̀mí iṣẹ́ yìí nìyí

Kànga ìṣọ́ kì í ṣe kànga mímu. Páìpù PVC tó fẹ̀ tó ínǹṣì méjì ni, tí wọ́n ti la ojú wẹ́wẹ́ sí apá ìsàlẹ̀ ẹ̀, iyanrìn tí wọ́n fọ̀ yí apá tó lójú yẹn ká, amọ̀ bẹntonáìtì dí i lókè, sìmẹ́ńtì bò ó, ìdérí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ibi táwọn agbẹ́bóhòòlù wa ti máa ń ṣì í ṣe ni pé wọ́n ti mọ́ lára láti wá omi tó jìn, wọ́n á wá gbé ojú páìpù sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Epo ń léfòó! Tí ojú páìpù bá wà lábẹ́ omi, epo ò ní ríbi wọlé, kànga á máa sọ fún yín pé ibẹ̀ mọ́ nígbà tí epo wà lórí ẹ̀ nítòsí. Ojú páìpù gbọ́dọ̀ gùn kọjá ojú omi sókè àti sísàlẹ̀, kí ẹ sì rántí pé ojú omi tó wà níbi kan lóṣù kẹta á ti gòkè tó bá di oṣù kẹsàn-án.

Mẹ́ta ló kéré jù, kí wọ́n má sì tò lórí ìlà kan, ẹ tò wọ́n bí ààrò mẹ́ta. Ẹ wá mú ibì kan lórí kọ̀ǹkéré ilé epo, ẹ pè é ní mítà 10.00, kí sọ́fíyọ̀ fi wọn ẹnu kànga kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà àpẹẹrẹ ṣe é. Ẹnu kànga kìíní wà ní 10.00, omi wà ní 8.20 sísàlẹ̀, ojú omi jẹ́ 1.80. Ẹnu kejì 9.70, omi ní 8.35, ojú omi 1.35. Ẹnu kẹta 9.85, omi ní 8.10, ojú omi 1.75. Omi ń ti ọ̀dọ̀ kìíní àti ìkẹta ṣàn lọ sí ọ̀dọ̀ ìkejì nìyẹn, ilé tó wà lẹ́yìn kànga kejì sì ni kẹ́ ẹ sáré lọ. Ẹ rí i pé omi kànga kẹta ló sún mọ́ ẹnu kànga jù tẹ́ ẹ bá fi okùn wọn án, síbẹ̀ òun kọ́ ni omi ẹ̀ ga jù? Torí ẹ̀ ni mi ò fi gbà kí wọ́n fojú díwọ̀n.

Tí epo bá ń léfòó nínú kànga, ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tún ìṣirò ṣe. Ẹ fi ọ̀dà tí wọ́n fi ń wá omi nídìí táǹkì, èyí tí gbogbo mánéjà ilé epo ní, pa ara tépù, ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ibi tó bá yí àwọ̀ padà lomi ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó tutù lókè ẹ̀ lepo ti bẹ̀rẹ̀. Tí epo bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.75, á jẹ́ 15, ẹ ro 15 yẹn mọ́ ojú omi. Ẹ má sì jẹ́ kí 20 yẹn mú yín rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe nípọn nínú ilẹ̀ lóde, nínú páìpù ló máa ń gbára jọ.

Bí ẹ bá rò pé mò ń fẹ́ ọ̀rọ̀ lójú, ní 2011 UNEP, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé ìwádìí ẹ̀ jáde lórí ilẹ̀ Ogoni ní ìpínlẹ̀ Rivers, ní Nisisioken Ogale wọ́n bá epo tí wọ́n ti fọ̀ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8 lórí omi abẹ́ ilẹ̀, benzene inú kànga táwọn èèyàn ń mu sì ju ohun tí WHO sọ lọ ní ìlọ́po tó ju 900 lọ. Lẹ́bàá páìpù epo ni, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà rọ̀bì nìkan. Àwa náà lẹ́bàá páìpù là ń gbé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bíbu omi fún láàbù

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kànga tó mọ́ jù, kẹ́ ẹ fi èyí tó burú jù kẹ́yìn, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ìbọ̀wọ́. Omi tó ti dúró sínú páìpù kì í ṣe omi inú ilẹ̀ mọ́, ẹ kọ́kọ́ fà á dànù ní ìlọ́po mẹ́ta, sínú dúrọ́ọ̀mù o, kì í ṣe sí gọ́tà. Páìpù ínǹṣì méjì máa ń gba bíi lítà méjì ní mítà kan, tí omi inú ẹ̀ bá ga ní mítà mẹ́rin, lítà 8 nìyẹn, ẹ fa 24. Kànga tí epo bá ń léfòó nínú ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bu omi ẹ̀ fún láàbù, èsì ti wà lójú yín.

Ìgò dígí kékeré onímílílítà 40 ni kẹ́ ẹ lò, ẹ kún un dẹ́nu, ẹ dé e, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí hóró afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀, ẹ tún un bù, torí inú afẹ́fẹ́ yẹn ni benzene ń sá lọ. Láàbù máa ń fi ásíìdì díẹ̀ sínú ìgò tẹ́lẹ̀ kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Yìnyín ló máa wà nínú kúlà títí dé láàbù, kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Omi tí wọ́n bá bu sínú ike mínírà tí wọ́n gbé sí búùtù ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Èkó, kí láàbù fi ṣe kí ni? Èsì "kò sí benzene" tó bá tibẹ̀ jáde, irọ́ ni, irọ́ yẹn sì lè pa èèyàn.

Tí èsì bá dé, EGASPIN, ìyẹn ìlànà ìjọba Nàìjíríà lórí àyíká níbi iṣẹ́ epo, ní nọ́ńbà méjì méjì. Fún iyẹ̀pẹ̀, mílígíráàmù 50 epo nínú kílò kan ni èyí tó yẹ ká máa lé bá, 5,000 ni èyí tó di dandan kẹ́ ẹ ṣe nǹkan sí i. Fún omi abẹ́ ilẹ̀, máíkírógíráàmù 50 àti 600 nínú lítà kan. Àwọn kan máa ń kó o láti 20,000 dé 4,900 kí wọ́n wá ká iṣẹ́ nílẹ̀, wọ́n ní àwọn ti parí. 5,000 kọ́ ni ilé o, ẹnu ọ̀nà ni. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ń mu omi yẹn, nọ́ńbà WHO fún benzene ni kẹ́ ẹ wò.

Ìgbésẹ̀ keje: kíkó o

Epo tó ń léfòó ló ṣáájú. Ẹ máa fi bailer (ike gígùn tí wọ́n ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga láti fi bù ú) tàbí pọ́ọ̀m̀pù tí kò lè ta iná fà á, lójoojúmọ́, ẹ máa kọ iye tẹ́ ẹ fà sílẹ̀. Títí èyí ò fi tán, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ṣe sí omi, asán ni, torí á tún máa yọ́ wọ inú ẹ̀. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù láti fà á. Tí òjò bá dé tí omi gòkè, á há epo mọ́ inú iyẹ̀pẹ̀, kànga á dà bíi pé ó mọ́, inú yín á dùn lóṣù kẹsàn-án, tó bá di oṣù kejì epo á tún yọjú.

Iyẹ̀pẹ̀ ńkọ́? Tí kò bá jìn tí kò sì sí lábẹ́ ilé, ẹ gbẹ́ ẹ kúrò. Ẹ tẹ́ nylon dúdú tó nípọn síbi tó jìnnà sí ilé àti kànga, ẹ mọ ògiri iyẹ̀pẹ̀ kékeré yí i ká kí òjò má ṣàn án lọ, ẹ tẹ́ iyẹ̀pẹ̀ náà sórí ẹ̀, kó má ju bíi sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, kẹ́ ẹ máa tú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló máa jẹ epo, iṣẹ́ tiyín ni láti bọ́ wọn, kẹ́ ẹ fún wọn ní afẹ́fẹ́ àti omi díẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbẹ pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, ó dáa fún un, NPK náà dáa. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni pé fún kábọ́ọ̀nù 100, náítírójìn 10, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 1, ẹ jẹ́ kí láàbù bá yín wọn kábọ́ọ̀nù yẹn, torí ajílẹ̀ tó bá pọ̀ jù á pa kòkòrò, á tún wọ inú omi. Ilẹ̀ pupa wa máa ń kan, eérú tàbí ẹfun díẹ̀ á mú un rọ̀. Ooru ilẹ̀ wa ń ràn wá lọ́wọ́, àwọn tó wà nílùú òtútù ò ní irú ẹ̀. Tí epo inú iyẹ̀pẹ̀ bá ju mílígíráàmù 50,000 lọ nínú kílò kan, kòkòrò ò ní lè yè nínú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ lú u.

Bẹntiróòlù fúnra ẹ̀ máa ń fò lọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń tú u, torí náà ẹ má ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé èèyàn, ẹ máa bò ó. Dísù ló máa ń pẹ́ tí kòkòrò ní láti jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta iyẹ̀pẹ̀ yẹn fún bíríkìlà tó fẹ́ kún fáńdéṣọ̀n, ẹ má sì kó o lọ sí oko ẹ̀gẹ́ ẹnikẹ́ni kó tó mọ́.

Ibi tí epo bá ti jìn tàbí tó wà lábẹ́ ilé, ẹ̀rọ tó ń fa ooru epo látinú ilẹ̀ ló dáa, pàápàá nínú iyanrìn, nínú amọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Wọ́n tún lè máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ omi kó lé benzene jáde, àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe é níbi tí epo ṣì ń léfòó, àti láìsí ẹ̀rọ tó ń fa ooru náà lókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yàrá ẹlòmíì ni ooru á gbà jáde.

Omi tẹ́ ẹ bá fà jáde, ẹ gbé e gba inú táǹkì tó ń ya epo kúrò lórí omi, lẹ́yìn náà ẹ gbé e gba inú dúrọ́ọ̀mù èédú méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Èédú tí wọ́n ṣe fún fífọ omi ni mò ń wí, kì í ṣe èédú ìdáná. Ẹ máa yẹ omi àárín méjèèjì wò, ọjọ́ tí benzene bá ti hàn níbẹ̀, dúrọ́ọ̀mù kìíní ti kún, ẹ gbé ìkejì síwájú kẹ́ ẹ gbé tuntun sẹ́yìn ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ṣíṣọ́ àti dídí

Kẹ́ ẹ tó dí kòtò, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ti ìdí ẹ̀ fún láàbù, kẹ́ ẹ dúró de èsì. Mo mọ̀ pé onílé epo á máa kánjú, á ní "bọ̀dá, ọjà ń lọ", ẹ jẹ́ kó máa kánjú. Lẹ́yìn náà, ẹ máa bu omi kànga ìṣọ́ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó kéré tán ọdún méjì, kí òjò méjì àti ẹ̀ẹ̀rùn méjì gba orí ẹ̀ kọjá. Ẹ máa ya èsì sórí ìwé, tó bá ń lọ sílẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, inú ilẹ̀ ń wo ara ẹ̀ sàn. Tó bá dúró sójú kan, ibì kan ṣì wà tẹ́ ẹ ò tíì rí.

Ẹ máa fún àwọn tó nikànga ní èsì tiwọn, ní ìwé, kẹ́ ẹ túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá fún wọn lójúkojú. Ìyá onígààrí yẹn fi tiẹ̀ pamọ́ sínú àpótí pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ ẹ̀.

Tí gbogbo ẹ̀ bá parí tí àjọ sì ti fọwọ́ sí i, ẹ má fi kànga ìṣọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ihò tó lọ tààrà sínú omi àdúgbò ni. Ẹ fa páìpù jáde tó bá ṣeé fà, ẹ po sìmẹ́ńtì mọ́ bẹntonáìtì, ẹ tì í wọlé láti ìsàlẹ̀ wá sókè títí á fi kún. Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ ní ìhà tí omi ń ṣàn sí, kẹ́ ẹ tì í pa, kẹ́ ẹ fún baálé àdúgbò ní kọ́kọ́rọ́ kan.